Ìpè àti Ìgbọ́ràn nínú The Nun's Story ti Kathryn Hulme

Bí a bá dárúkọ sísítà Ìjọ Àgùdà fún ará ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn ni aṣọ funfun àti ìbòrí, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹ́ dé, àti ilé ìgbẹ̀bí tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ti àlejò láti fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ó mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Ìgbésí-ayé wọn ni kò mọ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri kọ́ńfẹ́ǹtì ṣókùnkùn sí i. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà fi máa ń mi orí nígbà tí wọ́n bá rí ọmọge tí ó jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, tí wọn a sì máa béèrè ẹni tí yóò sin ín bí ó bá dàgbà tán tí ọlọ́jọ́ dé. Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Láàrin àwọn ènìyàn tí wọ́n gbà pé ọmọ ni aṣọ, tí orúkọ tí ó wuyì jù lọ létí obìnrin jẹ́ Ìyá Lágbájá, ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní lọ́kọ, òun kò sì ní bímọ, kò ṣe ohun kékeré. Ó yẹ kí ẹni tí yóò kọ ìtàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí òǹkàwé mọ ohun tí ó rí tí ó fi ṣe é, àti ohun tí ó ná an.

Ìwé tí Kathryn Hulme, òǹkọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1956 gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ náà. The Nun's Story ni àkọlé rẹ̀, èyí tí í ṣe ìtàn sísítà kan. Ìwé náà tà bí ẹni ta àkàrà òwúrọ̀. Ní 1959 ni Fred Zinnemann sọ ọ́ di fíìmù, Audrey Hepburn sì ni ó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. Fíìmù náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù; ìwé ni ó jinlẹ̀ jù, àfi ní ibì kan ṣoṣo tí yóò hàn kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí.

Ìtàn náà kì í ṣe àròsọ pátápátá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Hulme ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ní àgọ́ Wildflecken, níbi tí wọ́n kó àwọn tí ogun lé kúrò nílé sí. Ibẹ̀ ni ó ti bá nọ́ọ̀sì kan pàdé, Marie Louise Habets, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó ti ṣe sísítà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1944. Ohun tí Habets sọ ni Hulme hun di ìtàn. Hulme fúnra rẹ̀ di ọmọ Ìjọ Àgùdà, nítorí náà ìwé rẹ̀ kì í ṣe ìwé ọ̀tá. Ó ṣe pàtàkì láti sọ èyí, nítorí pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, irú ìtàn kan ti wà tipẹ́ tí ó jẹ́ pé àṣírí àti ìtìjú kọ́ńfẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń pa owó. Hulme kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Sísítà tí ó burú kò sí nínú ìwé rẹ̀; àwọn olórí tí ó le ń bẹ, àwọn tí ó ṣe àṣìṣe ń bẹ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí òǹkọ̀wé fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ahunpọ̀ ìtàn náà kò lọ́jú. Gabrielle Van der Mal, ọmọ oníṣègùn oníṣẹ́-abẹ tí ó lókìkí ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ ẹgbẹ́ sísítà kan tí òǹkọ̀wé kò dárúkọ. Wọ́n fún un ní orúkọ Luke, orúkọ àpẹ́lé tí ó bá a mu, nítorí Lúùkù oníṣègùn ni. Ohun kan ṣoṣo ni ó wù ú: kí wọ́n rán an lọ sí Kóńgò láti máa tọ́jú aláìsàn. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àrùn ilẹ̀ olóoru, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, ó dé Kóńgò níkẹyìn, ikọ́ ife mú un níbẹ̀, ó sàn, wọ́n dá a padà sí Bẹ́ljíọ̀mù, ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn Jámánì pa bàbá rẹ̀, ó sì jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá ìrìn-àjò tàbí ìjà kò ní yó níbẹ̀. Inú ọkàn ènìyàn kan ni ìjà náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Apá àkọ́kọ́ ìwé náà, níbi tí Gabrielle ti wọ kọ́ńfẹ́ǹtì, ni òǹkàwé Yorùbá yóò lóye ju bí òǹkọ̀wé ti lè rò lọ. Wọ́n gé irun orí rẹ̀. Wọ́n gba aṣọ tí ó wọ̀ wá láti ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn. Wọ́n tún kọ́ ọ ní ìrìn bí ẹni tí kò rìn rí, pé kí ó máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ojú rẹ̀ máa wolẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe dún. Ẹni tí ó bá ti rí adóṣù rí kò ní béèrè ìtumọ̀ èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ti ń fá orí ìyàwó òrìṣà, tí wọ́n ń sé e mọ́, tí wọ́n ń fún un ní orúkọ tuntun, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ ní èèwọ̀ òrìṣà rẹ̀ bí ìgbà tí a ń kọ́ ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀rọ̀ ìyàwó pàápàá bára mu, nítorí pé ní ayé àtijọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sísítà a máa wọ aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin lọ́jọ́ tí yóò gba aṣọ ẹgbẹ́. Ìyàwó Kristi ni wọ́n kà á sí.

Ṣùgbọ́n orítá wà níbẹ̀. Adóṣù yóò jáde, yóò padà sí ilé ọkọ, yóò bímọ, yóò ná ọjà. Òrìṣà rẹ̀ kò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Sísítà kò ní padà. Ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ni yóò jẹ́: pé òun kò ní ní ohun ìní, pé òun kò ní mọ ọkùnrin, pé òun yóò máa gbọ́ràn. Ará ìta a máa rò pé ẹ̀jẹ́ kejì ni ó le jù, nítorí òun ni ó ta ko àṣà jù lójú tirẹ̀, òun náà sì ni àwọn ìyá àgbà ń tìtorí rẹ̀ mi orí. Ohun tí ìwé Hulme fi yàtọ̀ sí ìtàn mìíràn ni pé ó kọ èrò yìí. Kò sí ojú-ìwé kan tí Sísítà Luke ti sunkún nítorí ọkọ tí kò ní. Ẹ̀jẹ́ kẹta ni ó mú un lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù, èyí tí àwọn òbí fi ń kọ́ ọmọ kékeré lójoojúmọ́, ni ó wá di òkè tí kò ṣeé gùn.

Ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi gbé èyí yọ ni pé kò wàásù nípa rẹ̀. Ohun kéékèèké ni ó ń tò. Agogo ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí agogo bá lù, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gbọdọ̀ gé ọ̀rọ̀ náà láàbọ̀, ẹni tí ń kọ̀wé gbọdọ̀ gbé gègé sílẹ̀ láì parí lẹ́tà tí ó ń kọ lọ́wọ́. Ohùn Ọlọ́run ni wọ́n ka agogo sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìdákẹ́jẹ́ ńlá yóò bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ là ẹnu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìpàdé ìjẹ́wọ́ àṣìṣe tún wà, níbi tí sísítà yóò ti kúnlẹ̀ láàrin gbogbo ẹgbẹ́, tí yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀: pé òun ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ariwo, pé òun fọ́ abọ́. Òǹkàwé tí kò bá ní sùúrù lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sísítà Luke di nọ́ọ̀sì tán, tí aláìsàn kan tí ẹ̀rù ikú ń bà ń bá a sọ̀rọ̀ lóru, tí òfin sì sọ pé kí ó dákẹ́, ẹ̀rín náà yóò tán lẹ́nu òǹkàwé. Lọ́dọ̀ ta ni Kristi wà ní wákàtí yẹn? Ṣé lọ́dọ̀ agogo ni, àbí lórí ibùsùn aláìsàn? Hulme kò dáhùn. Ó kàn jẹ́ kí Sísítà Luke sọ̀rọ̀, kí ó sì lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀.

(Kí a má baà rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì rí níbi gbogbo, ó yẹ láti rántí pé ìgbà tí ó ṣáájú ogun ni ìwé náà ń sọ. Ìpàdé Vatican Kejì, tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1965, ní kí gbogbo ẹgbẹ́ sísítà tún òfin wọn yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nínú irú àṣà wọ̀nyí ni wọ́n sì ti pa tì tàbí tí wọ́n ti dẹ̀.)

Ibi tí ìwé náà ti dé góńgó ni ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ó tọ́ kí ènìyàn dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àrùn ilẹ̀ olóoru ni Sísítà Luke wà. Yíyege nínú ìdánwò ni yóò ṣí ọ̀nà Kóńgò fún un. Sísítà àgbà kan, Pauline, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kóńgò fún ọdún púpọ̀, wà nínú kíláàsì kan náà. Ẹ̀kọ́ kò wọ̀ ọ́ lórí bí ó ti wọ ọmọ oníṣègùn yìí, ọkàn rẹ̀ sì ń gbọgbẹ́. Nígbà náà ni olórí wọn, Mọ́dà Marcella, pe Sísítà Luke sí kọ̀rọ̀, ó sì bi í bóyá yóò lè mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà nítorí Ọlọ́run, láti fi ìrẹ̀lẹ̀ hàn, kí Sísítà Pauline lè rí ìtùnú.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka ibi yìí yóò dìde jókòó. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè ka ìwé, tí wọ́n ń jó lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, báwo ni yóò ti yé wọn pé ìyá kan lè ní kí ọmọ fìdí rẹmi? Síbẹ̀ ìbéèrè náà kò ṣàjèjì pátápátá. Ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá mọ̀ pé nígbà mìíràn ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe gbọdọ̀ fà sẹ́yìn kí ojú má baà ti ẹni tí ó jù ú lọ. Àbúrò tí ó lówó kì í fi aṣọ rẹ̀ bo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi òkú bàbá wọn. Nítorí náà, kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ni ó ń dẹ́rù bani nínú ohun tí Mọ́dà Marcella béèrè. Ohun tí ó ń dẹ́rù bani ni pé àwọn tí yóò san owó ìrẹ̀lẹ̀ náà kò sí nínú yàrá. Àwọn aláìsàn Kóńgò ni ìmọ̀ tí ó wà lórí Sísítà Luke wà fún. Bí ó bá sọ ìmọ̀ náà nù kí inú Pauline lè dùn, ẹrù ta ni ó fi tọrẹ?

Òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, èyí sì ni àléébù kan. Sísítà Luke ń ronú nípa ìgbéraga ara rẹ̀ nìkan. Ó wọlé ìdánwò pẹ̀lú ọkàn méjì, ó jókòó níwájú àwọn olùkọ́, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì dáhùn. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó yege pẹ̀lú ipò gíga. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí ń lọ sí Kóńgò, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n rán an lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ìjìyà ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kì í ṣe ìjìyà. Ìṣọwọ́-sọ̀tàn ibí yìí dára gan-an: òǹkọ̀wé pa ẹnu mọ́ bí àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ti pa ẹnu mọ́, ó sì fi òǹkàwé sínú àìmọ̀ kan náà tí ẹ̀dá-ìtàn wà.

Láti ibẹ̀ lọ ni ìbéèrè gidi inú ìwé náà ti fojú hàn. Kí ni ìpè? Ṣé ẹ̀bùn tí Ẹlẹ́dàá fi sí ènìyàn lọ́wọ́ ni, kí ó máa fi ṣe iṣẹ́, àbí kí ènìyàn jọ̀wọ́ ara rẹ̀ títí kan ẹ̀bùn náà? Sísítà Luke rò pé méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Ó rò pé òun di sísítà kí òun lè ṣe nọ́ọ̀sì ní Kóńgò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ẹni tí ó bá di sísítà ti di sísítà ná, bí wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn, bí wọ́n fi í sí ilé ìdáná. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Ìdí nìyí tí ìtàn náà fi ń dunni: ẹni rere méjì ni ó ń fa okùn kan náà.

Nígbà tí ó dé Kóńgò níkẹyìn, òǹkàwé Áfíríkà yóò gún ara ró, yóò ní ilé wa ni wọ́n dé yìí. Ìjákulẹ̀ ni yóò bá pàdé. Sísítà Luke fúnra rẹ̀ pàdé tirẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Kóńgò ìgbà yẹn wà lábẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó gbà á ní 1908 tí kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1960. Aláwọ̀ funfun ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, aláwọ̀ dúdú ní tirẹ̀. Òǹkọ̀wé sọ èyí kọjá bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀. Ẹni tí ó ti fi ojú-ìwé púpọ̀ yẹ ìgbéraga inú ọkàn kan wò fínnífínní kò rí ojú-ìwé kan láti fi béèrè ohun tí ó fa ògiri tí ó wà láàrin ilé ìwòsàn méjì.

Àwọn ọmọ Kóńgò inú ìtàn náà ń gbé àwo oògùn, wọ́n ń fọ ilẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń fi ìfẹ́ hàn sí sísítà wọn. Ìfìwàwẹ̀dá wọn kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́ ẹnu ẹni tí ń dáhùn, kì í ṣe ti ẹni tí ń béèrè. Dókítà Fortunati tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni òǹkọ̀wé fún ní ọgbọ́n àti ọ̀rọ̀ mímú. Òun ni ó rí Sísítà Luke dé ìdí, tí ó sì sọ fún un pé kò lè di irú sísítà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ láéláé. Òyìnbó ni òun náà. Fíìmù tún fi kún ẹ̀ṣẹ̀ náà. Nínú rẹ̀, ọkùnrin Kóńgò kan tí adáhunṣe tì síwájú fi kùmọ̀ pa Sísítà Aurelie. Àwọn òǹwòran kò mọ orúkọ apànìyàn náà, wọn kò mọ ìbànújẹ́ tí ó mú un ya wèrè ju bí wọ́n ti kù gìrì sọ ọ́ lọ. Ó wá, ó pa, ó lọ. A gbọ́ pé Zinnemann fẹ́ kí apá Yúróòpù jẹ́ dúdú àti funfun, kí àwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé Kóńgò, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ fíìmù kò gbà fún un. Èrò yẹn tó láti fi mọ ojú tí wọ́n fi wo ilẹ̀ náà: àwọ̀ ni, òdòdó ni, odò ni.

Àwọn kan lè sọ pé ìtàn sísítà kan ni àkọlé ìwé náà, kì í ṣe ìtàn Kóńgò, àti pé a kì í bá aláṣọ dúdú jà pé kò ta funfun. Àwíjàre yìí tọ́ dé ààyè kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìránṣẹ́ kì í ṣe ti ẹni tí a rán nìkan. Ti ẹni tí a rán an sí náà ni. Bí a bá sọ ìtàn oníṣẹ́ láìsọ ti ẹni tí ó gbà á sílé, ìdajì iṣẹ́ ni a jẹ́.

Ìdajì kejì náà wà, ó sì lágbára. Àwọn ọmọbìnrin Áfíríkà kò kàn jókòó kí sísítà òyìnbó máa tọ́jú wọn. Àwọn náà ń gbọ́ ìpè. Ní Uganda, ẹgbẹ́ Bannabikira ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn sísítà ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti àwọn Àpọ́sítélì, tí Fáda Augustin Planque dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1876, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nídìí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Àwọn ni wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Lántòrò ní Abẹ́òkúta, èyí tí Fáda Jean-Marie Coquard bẹ̀rẹ̀ ní 1895. Ṣùgbọ́n ní 1943, Bíṣọ́ọ̀bù Leo Taylor dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Èkó, ti Ọkàn Jésù nínú Yúkárístì, fún àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ yìí gan-an. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń retí ọmọ-ọmọ, tí ó wá lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ní Èkó, ogun tí ó jà pọ̀ ju ti Gabrielle Van der Mal lọ, nítorí ọ̀dọ̀ Gabrielle, àwọn ará ilé rẹ̀ ti mọ ohun tí sísítà ń jẹ́ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé Hulme.

Kóńgò pàápàá dáhùn fún ara rẹ̀. Ní 1959, ọdún tí fíìmù náà jáde, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Anuarite Nengapeta, tí wọ́n bí ní 1939 ní Wamba ní ìlà-oòrùn àríwá Kóńgò, jẹ́ ẹ̀jẹ́ nínú ẹgbẹ́ Ìdílé Mímọ́, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Jamaa Takatifu. Marie-Clémentine ni orúkọ tuntun rẹ̀. Ní 1964, àwọn ọlọ̀tẹ̀ Simba gba Stanleyville, ìlú kan náà tí Zinnemann ti lọ ya àwòrán rẹ̀, tí ń jẹ́ Kisangani nísinsìnyí. Ní òpin oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n kó Anuarite àti àwọn sísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní Bafwabaka lọ sí Isiro. Ọ̀gágun kan ní àfi kí ó di aya òun. Ó kọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá, wọ́n lù ú, wọ́n sì pa á. Ẹ̀rí àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni pé ó sọ fún ẹni tí ń pa á pé òun dárí jì í. Póòpù John Paul Kejì kéde rẹ̀ ní Alábùkún-fún ní Kinshasa ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1985.

Kì í ṣe láti fi obìnrin kan ṣẹ̀sín fún èkejì ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ Anuarite wá. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹn ni ó so ó mọ́ òpin ìwé Hulme, nítorí àìlèdáríjì ni ó lé Sísítà Luke jáde. Ogun ti dé Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn Jámánì pa bàbá rẹ̀ níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn sísítà má ṣe gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ogun, kí wọ́n sì fẹ́ràn ọ̀tá. Ó gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ó mọ̀ pé bí òun bá ń wọ aṣọ náà nígbà tí ìkórìíra kún inú òun, irọ́ ni òun ń pa fún Ọlọ́run àti fún ènìyàn. Ó wá bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìtúsílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a fi yin Hulme àti Zinnemann pọ̀ ni pé wọn kò wá ọkùnrin kan fún un láti sá tọ̀ lọ. Ó rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà Fortunati ti wà nílẹ̀, àwọn òǹwòran ìgbà náà ì bá sì pàtẹ́wọ́. Wọn kò ṣe é. Ó jáde nítorí òótọ́, bí ó ti wọlé nítorí òótọ́. Ṣé ìpè rẹ̀ kùnà nígbà náà? Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀, ìgbésí-ayé Habets kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ lẹ́yìn tí ó bọ́ aṣọ náà. Àní nígbà tí Audrey Hepburn já bọ́ lórí ẹṣin ní 1959 níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù mìíràn, Habets ni ó lọ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣeré wá ń fọ ọgbẹ́ ẹni tí ó ṣe eré náà.

Ibi tí fíìmù ti borí ìwé nìyí. Nínú ìwé, òǹkọ̀wé ṣì ní èrò láti sọ bí Gabrielle ti ń jáde lọ, gbólóhùn rẹ̀ sì gùn díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú fíìmù, kò sí ọ̀rọ̀. Wọ́n fi í sí yàrá kékeré kan ní òun nìkan. Ó bọ́ aṣọ ẹgbẹ́, ó ká a, ó wọ aṣọ ará ìta tí kò bá a lára mu mọ́. Irun orí rẹ̀ ti ní ewú díẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì kan lára ògiri, ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sìn ín jáde. Franz Waxman ni ó kọ orin fún fíìmù náà, ṣùgbọ́n Zinnemann kò jẹ́ kí wọ́n fi orin kankan sí òpin yìí, nítorí bí orin náà bá dùn, a ó sọ pé ó kú oríire. Bí ó bá ro ni lára, a ó sọ pé ó ti ṣubú. Kámẹ́rà kò bá a jáde. Ó dúró sínú yàrá kọ́ńfẹ́ǹtì, ó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wò ó bí ó ti ń lọ lójú ọ̀nà tóóró náà, títí ó fi dé ìkóríta, tí ó dúró díẹ̀, tí ó sì yà.